Àpáàdì Lábẹ́ Ẹsẹ̀: Ilẹ̀ Títẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ Àtijọ́

Àpilẹ̀kọ mi yìí dá lórí ilẹ̀ ilé: ohun tí àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ àtijọ́ fi tẹ́ ẹ, bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ, àti ọba obìnrin tí ìtàn sọ pé ó pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ́ ẹ. Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yìí. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nínú ilé ìdáná wa ní Houston, nígbà tí bàbá mi sọ pé àwa méjèèjì la máa tẹ́ táìsì síbẹ̀ fúnra wa, pé owó tí àwọn oníṣẹ́ ń bèèrè ti pọ̀ jù.

Ilé ìdáná náà kò tóbi: ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, ẹsẹ̀ bàtà 10 ní fífẹ̀. Táìsì tí a yàn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan ní òró àti ní ìbú, nítorí náà 120 ló yẹ kó gbà á. A ra 132, torí bàbá mi ní a gbọ́dọ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un fún èyí tó máa fọ́ àti èyí tí a máa gé sí etí ògiri. Ní ṣọ́ọ̀bù, obìnrin tó ń tajà ṣàlàyé fún wa pé oríṣi méjì ló wọ́pọ̀, sẹ̀rámíìkì lásán àti pọ́síléènì. Amọ̀ tí a sun ni méjèèjì. Amọ̀ ti pọ́síléènì kúnná jù, iná tó sun ún sì gbóná jù, débi pé omi tó lè fà mu kò ju ìdá 0.5 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ lọ. Ó tún ní kí a má tan ara wa jẹ pẹ̀lú èyí tó ń dán gbinrin, nítorí pé bí omi bá dà sí i, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á yọ̀ ṣubú. Bàbá mi mú ọ̀kan lọ́wọ́, ó fi ìka kàn án gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, ó ní, “Amọ̀ náà ni gbogbo ẹ̀. Ìkòkò pẹlẹbẹ ni wọ́n fẹ́ tà fún wa.” Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwádìí ló ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Bí a ṣe ṣe iṣẹ́ náà rèé, fún ẹni tí kò bá ṣe irú ẹ̀ rí. A kọ́kọ́ wò ó bóyá ilẹ̀ náà tẹ́jú, nítorí pé táìsì tí abẹ́ rẹ̀ bá ṣófo á fọ́ lọ́jọ́ tí ẹni wúwo bá tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà a wá àárín gbùngbùn yàrá, a fa ìlà ẹfun síbẹ̀ ní òró àti ní ìbú, a sì to àwọn táìsì náà sílẹ̀ lásán láìlẹ̀ wọ́n, kí a lè rí bí wọ́n ṣe máa parí sí létí ògiri. Ìgbà tí ó tẹ́ wa lọ́rùn la tó po sìmẹ́ńtì ìlẹ̀mọ́lẹ̀, tí a fi irin pẹlẹbẹ eléyín fà á káàkiri, tí a sì ń tẹ̀ wọ́n mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ike kékeré lá fi sí àárín wọn kí àlàfo lè dọ́gba. Ọjọ́ kejì la wá dí àwọn àlàfo náà.

Ibi àlàfo yẹn ni wàhálà ti wá. Ohun tí a fi ń dí i ni àwọn ará ibí ń pè ní grout. Bàbá mi ní nígbà tí òun wà ní Ìbàdàn, sìmẹ́ńtì funfun ni birikilà máa ń bèèrè. Bí àlàfo bá fẹ̀ ju mìlímítà 3 lọ, èyí tó ní yanrìn nínú ni a máa ń lò, kó má baà sún kì kó sì sán. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, èyí tí kò ní yanrìn ni. A ra èyí tó yẹ. Àmọ́ bàbá mi rò pé ó ki jù, ó sì ń bu omi kún un, ó ń bu omi kún un, títí tó fi dà bí ògì. Bí omi bá pọ̀ jù nínú ẹ̀, ìgbà tó bá gbẹ, ibi tí omi wà tẹ́lẹ̀ á di ihò wẹ́wẹ́, kò sì ní lágbára mọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ti ẹ̀gbẹ́ ibi ìfọbọ́ fi sán, tí ó ń bu bí ìyẹ̀fun. Bí mo bá ń gbálẹ̀, ó ń bá ìgbálẹ̀ jáde.

Mo sọ ọ́ fún ìyá ìyá mi lórí fóònù. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Mo rò pé wọ́n máa káàánú wa ni, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Wọ́n ní, “Àjọkẹ́, ẹ tẹ́ ilẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ló lò. Ilẹ̀ tí Lúwo tẹ́ kò tíì kúrò níwájú ilé wa níbí.” Mo ní, “Màmá, ta ni wọ́n ń jẹ́ Lúwo?” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Kí wá ni wọ́n ń kọ́ yín ní yunifásítì yẹn?”

Ó dára. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ kan. Àpáàdì ni àfọ́kù ìkòkò, ìṣà tàbí ohunkóhun tí a fi amọ̀ mọ. Ní ilé Yorùbá àtijọ́, ìkòkò tó fọ́ kò tíì parí iṣẹ́. Àpáàdì ni ọmọdé fi ń lọ fọn iná nílé aládùúgbò, torí ó ti jẹ iná tẹ́lẹ̀, iná kò lè ṣe é ní nǹkan mọ́. Ibẹ̀ ni òwe tí gbogbo wa gbọ́ ní kíláàsì ti wá, pé àpáàdì ló tó kojú iná. Ohun tí wọn kò sọ fún wa ní kíláàsì ni pé àpáàdì tó kojú omi náà. Bí òjò bá rọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tó wọ́ erùpẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, àwọn ìlà àpáàdì tí wọ́n to lóòró á yọ jáde nínú ilẹ̀ bí ìgbà tí eyín bá yọ nínú erìgì. Àwọn kan nínú wọn ti lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún.

Ìtàn tí màmá sọ fún mi nìyí, ìwé púpọ̀ ló sì gbà pẹ̀lú wọn lórí rẹ̀. Nígbà kan, obìnrin kan jọba ní Ilé-Ifẹ̀, Lúwo Gbàgìdá lorúkọ rẹ̀. Nínú àtòjọ Ọọ̀ni kan tó wọ́pọ̀, òun ni ìkọkànlélógún. Ó lẹ́wà, ó sì fẹ́ràn ìmọ́tótó dé góńgó. Lọ́jọ́ kan ó jáde lẹ́yìn òjò, ẹrẹ̀ ta sí aṣọ rẹ̀ (àwọn mìíràn ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ni). Inú bí i. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n fi àpáàdì àti òkúta funfun tẹ́ gbogbo ojú ọ̀nà àti àgbàlá ìlú, àwọn tó sì ṣẹ̀ sí òfin ló fi ṣiṣẹ́ náà, ọkùnrin àti obìnrin. Ara àwọn èèyàn kò gbà á mọ́. Nígbà tó wàjà, àwọn ará ìlú ní àwọn kò ní fi obìnrin jọba mọ́ láé. Àwọn ará Ìwó náà ní ìpín tiwọn nínú ìtàn yìí: wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Adékọ́lá Tẹ̀lú, ló kúrò ní Ifẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi tẹ ìlú Ìwó dó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ọba ibẹ̀ ní Olúwòó.

Mo fẹ́ sọ òótọ́: ìtàn náà kọ́kọ́ bí mi nínú. Ọ̀kan ṣoṣo ni obìnrin tí wọ́n rántí dáadáa pé ó jókòó sórí ìtẹ́ yẹn, ohun tí wọ́n sì fi ń rántí rẹ̀ ni pé kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ ta sí i láṣọ. Ọba ọkùnrin tó bá tẹ́ ojú ọ̀nà ìlú, “ọba tó tún ìlú ṣe” la máa ń pè é. Nítorí náà mo lọ sí ibi ìkàwé láti wo ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí.

Wọ́n rí púpọ̀. Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ́ ilẹ̀ fún kíkọ́ ilé ní Ìta Yemòó bá àwọn ère idẹ pàdé nínú ilẹ̀, títí kan ère Ọọ̀ni kan àti ère ọba òun olorì tí wọ́n fẹsẹ̀ kọ́ ara wọn. Frank Willett, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwalẹ̀pìtàn ní Ifẹ̀ nígbà náà, walẹ̀ níbẹ̀ ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé e, títí dé 1963. Yàtọ̀ sí ère, ilẹ̀ alápáàdì ló ń bá, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ní 1969, Ekpo Eyo walẹ̀ ní ibi tí wọ́n ń pè ní Láfogído, ó bá ilẹ̀ alápáàdì onígun mẹ́rin kan tí wọ́n to ìkòkò yí ká, tí orí ẹranko tí wọ́n fi amọ̀ mọ sì wà lára wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Peter Garlake walẹ̀ ní ilẹ̀ Ọbalárá àti ní ilẹ̀ ìdílé Wòyè Àsírí. Kò sí ibi tí wọ́n walẹ̀ sí tí kò kan àpáàdì, débi pé ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń pín ìtàn Ifẹ̀ sí ìgbà mẹ́ta nìyẹn: ìgbà tí wọn kò tíì máa tẹ́ ilẹ̀ báyìí, ìgbà tí wọ́n ń tẹ́ ẹ, àti ìgbà tí wọ́n ti dáwọ́ dúró. Kì í ṣe ọba ni wọ́n fi pín in, kì í ṣe ogun. Ilẹ̀ ilé ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa, torí àwòrán kò tó. Àpáàdì náà kò dùbúlẹ̀ bíi táìsì tiwa. Ó dìde dúró lóòró, etí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́ ilẹ̀ náà dọ́gba, wọ́n á wá to àpáàdì mọ́ra wọn tímọ́tímọ́ nínú amọ̀ tútù. Ìlà kan á dà sí ọ̀tún, ìlà tó tẹ̀lé e á dà sí òsì, gbogbo rẹ̀ á wá rí bí eegun ẹja. Ibi tí wọ́n bá fẹ́ kó dùn ún wò, wọ́n á fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ sí àárín àwọn ìlà náà. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí wọ́n fi ń tò ó gbọọrọ láìdà síbì kankan.

Ìgbà tí mo rí èyí ni ọ̀rọ̀ grout wa bẹ̀rẹ̀ sí yé mi. Táìsì wa gbòòrò, ó tinrin, ó sì dùbúlẹ̀. Bí nǹkan bá já lù ú ní àárín, á sán látòkè délẹ̀. Àpáàdì tó dúró kò ní àárín tí nǹkan lè já lù. Ìwúwo tó bá bọ́ sórí rẹ̀ á gba inú rẹ̀ lọ tààrà sínú ilẹ̀. Bí ọ̀kan bá fọ́, òun nìkan ló fọ́, kò ní fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àlàfo wọn sì kéré púpọ̀, amọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, nítorí náà bí ilẹ̀ bá wú tàbí tó sún kì, gbogbo rẹ̀ á jọ bá a wú, á jọ bá a sún kì. Àlàyé tèmi nìyí o, kì í ṣe ti Willett. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kúnlẹ̀ gbá grout rí á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ó dà bíi pé àgbàlá ni púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n hú jáde, kì í ṣe títì. Garlake ló jẹ́ kí èyí yé èèyàn. Ògiri ilé Ifẹ̀ amọ̀ lásán ni, òjò ti wọ́ ọ lọ tipẹ́. Àmọ́ ibi tí ògiri bá wà, àpáàdì á dúró síbẹ̀, etí rẹ̀ á gún régé. Nítorí náà bí a bá tẹ̀lé etí ilẹ̀ alápáàdì, a óò rí àwòrán ilé tí kò sí mọ́. Ilé alákòdì ni: yàrá yí ká, òrùlé dà sí àárín, òjò á sì máa rọ̀ sí ojú àgbàlá. Ní àárín àgbàlá bẹ́ẹ̀, wọ́n sábà máa ń ri ìkòkò kan mọ́lẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ nìkan yọ. Omi ni ó ń gbà ni, àbí ètùtù ni wọ́n ń ṣe sínú rẹ̀? Àwọn ọ̀mọ̀wé ń bá ara wọn jiyàn lé e. Lójú tèmi kò sí ìdí tí kò fi lè jẹ́ méjèèjì. Ẹ wo odò Ọ̀ṣun: ṣebí omi náà ni, òrìṣà náà sì ni. Ní ilẹ̀ Ọbalárá, pẹpẹ kan wà létí ilẹ̀ títẹ́ náà, ère amọ̀ wà níbẹ̀, agbárí èèyàn náà wà. Ilẹ̀ yẹn kì í ṣe ibi tí èèyàn kàn ń gbà kọjá.

Ọ̀rọ̀ iye ló wá kàn. Mo jókòó, mo ṣírò. Ká sọ pé àpáàdì kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 5, tó sì nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 1. Ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan ní òró àti ní ìbú á gba nǹkan bí 2,000. Ilé ìdáná wa ju irú mítà bẹ́ẹ̀ 11 lọ díẹ̀, èyí ni 22,000 àpáàdì, níbi tí táìsì 120 ti tó wa. Ìkòkò ńlá kan tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40, bí a bá fọ́ ọ wẹ́wẹ́ sí ìwọ̀n yẹn, á fún wa ní nǹkan bí 250. Nítorí náà ìkòkò tó ń lọ bí 90 ló máa wọlé ìdáná kan ṣoṣo. Ìṣirò ọmọ ilé ìwé ni, ẹ lè dín in kù, ẹ lè fi kún un. Ẹ ṣáà ro ìyẹn mọ́ gbogbo àgbàlá tí wọ́n ti rí ní Ifẹ̀, àti àwọn tí ilé àti títì òde òní bò mọ́lẹ̀.

Ìṣirò nìkan kò tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn táìsì tó fọ́ wà nílẹ̀, mo bá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo fi òòlù fọ́ wọn sí wẹ́wẹ́, mo po amọ̀, mo fi pákó mẹ́rin ṣe àyè kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan ní ìhà gbogbo, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí tò wọ́n lóòró bí eegun ẹja. Wákàtí mẹ́ta! Mi ò tò dé ìdajì. Bí amọ̀ bá rọ̀ jù, àpáàdì á ṣubú. Bí ó bá le jù, kò ní wọlé. Bí ìlà kan bá wọ́ díẹ̀, gbogbo ìlà tó tẹ̀lé e á wọ́. Ìka mi méjì ya. Bàbá mi jáde síta, wọ́n wò ó, wọ́n ní, “Kí lèyí?” Mo ní iṣẹ́ ilé ìwé ni.

Látọjọ́ yẹn ni mi ò ti gba apá kan nínú ìtàn Lúwo gbọ́. Ẹni tí wọ́n fi ìyà mú wá síbi iṣẹ́ lè ru erùpẹ̀, ó lè fọ́ ìkòkò, ó lè lọ ṣa òkúta funfun wá láti odò. Ṣùgbọ́n kò lè to irú ìlà yẹn. Ẹni tó kọ́ṣẹ́, tó sì ti ń ṣe é fún ọdún púpọ̀, ló tò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò lè jẹ́ ìjọba ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo rẹ̀. Èédú tí wọ́n bá nínú ilẹ̀, tí wọ́n fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wá ọjọ́ orí rẹ̀, fi hàn pé wọ́n ti ń tẹ́ ilẹ̀ báyìí ní Ifẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, ní àwọn ibì kan wọ́n tẹ́ ọ̀kan lé orí èkejì tó ti gbó. Ìran mélòó nìyẹn?

Ṣé Lúwo kò wá ṣe nǹkan kan nìyẹn? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò rí i kí àwọn ọkùnrin tó ń sọ ìtàn yìí mẹ́nu bà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ obìnrin ni ìkòkò mímọ. Láti Ìlọrin dé Ìpetumodù, ìyá ló ń kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ayé ọjọ́un, á jẹ́ pé ọwọ́ obìnrin ni gbogbo àpáàdì ti ilẹ̀ Ifẹ̀ ti wá: wọ́n mọ ọ́n, wọ́n sun ún, wọ́n tà á, wọ́n fi pọn omi, ọwọ́ wọn ló sì ti fọ́. Kò yà mí lẹ́nu pé nígbà tí àwọn èèyàn fẹ́ rántí ẹni tó ni ilẹ̀ náà, obìnrin ni wọ́n rántí. Ó ṣeé ṣe kí Lúwo jẹ́ ọba tó sọ iṣẹ́ àgbàlá àwọn ọlọ́lá di iṣẹ́ ìlú. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ kàn lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ tó ti wà kó tó dé. Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí fún màmá. Wọ́n ní kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì, àmọ́ kí n má lọ sọ níwájú àwọn àgbà Ifẹ̀ pé Lúwo kò sí o.

Kì í ṣe Ifẹ̀ nìkan ló ní irú ilẹ̀ yìí. Wọ́n ti rí i ní ìlú Ẹdó, ní orílẹ̀-èdè Benin, ní Tógò, àti ní Daima lọ́hùn-ún lẹ́bàá Adágún Chad. Ẹni tó bá ní Ifẹ̀ ló kọ́ gbogbo wọn, kó mú ẹ̀rí wá. Ohun tí mo lè sọ ni pé ti Ifẹ̀ pọ̀, ó sì jáfáfá. Àríyànjiyàn àgbàdo náà wà níbẹ̀: ní 1953, awalẹ̀pìtàn kan tó ń jẹ́ Goodwin ní òun rí àmì ṣùkù àgbàdo tí wọ́n yí lára àpáàdì ilẹ̀ Ifẹ̀, ó sì ní àgbàdo ti dé Áfíríkà kí Columbus tó rí Amẹ́ríkà. Àwọn tó pọ̀ jù lónìí kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ tó bá ní àmì àgbàdo, lẹ́yìn tí àgbàdo ti Amẹ́ríkà dé ni wọ́n tẹ́ ẹ. Èmi tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, inú mi dùn láti rí i pé ohun kan láti ibí wà lára ilẹ̀ Ifẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ.

Kí ló dé tí wọ́n fi dáwọ́ dúró? Láti 2015, Adisa Ogunfolakan àti Gérard Chouin àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn tún ti walẹ̀ ní Ìta Yemòó. Chouin dábàá pé ìlú náà dédé ṣófo ní àárín ọ̀rúndún kẹrìnlá, bóyá nítorí àjàkálẹ̀ àrùn tó pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Yúróòpù nígbà kan náà. Àbá ni o, ẹnikẹ́ni kò tíì fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ohun tó dájú ni pé ẹni tó mọ ilẹ̀ í tẹ́ báyìí tán. Ilẹ̀ tí màmá bá lọ́wọ́ ìyá wọn, amọ̀ tí wọ́n lù, tí wọ́n fi ẹlẹ́bọ́tọ pa títí tó fi ń dán ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni sìmẹ́ńtì dé, lẹ́yìn náà tẹráásò fún olówó, lónìí táìsì ló gba gbogbo ilé.

Táìsì yìí gan-an ló wá ń ṣe àpáàdì léṣe báyìí. Kí wọ́n tó tẹ́ ẹ, wọ́n á gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ní 2008, aládùúgbò màmá kan fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù, àwọn lébìrà gbẹ́ ilẹ̀ dé orúnkún, wọ́n bá ilẹ̀ alápáàdì tó mọ́ tónítóní. Òfin wà, láti 1979, pé kí ẹni tó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ sọ fún ìjọba. Ọkùnrin náà mọ̀. Ó tún mọ̀ pé bí òun bá sọ, iṣẹ́ á dúró, kò sì sẹ́ni tó máa san owó blọ́ọ̀kù tí òun ti rà. Wọ́n fi dígà fọ́ ọ ní ọjọ́ kan, wọ́n po kọnkéré lé e. Màmá ṣa ọwọ́ kan nínú àpáàdì náà, ó wà nínú agolo mílíìkì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Mi ò lè bú ọkùnrin náà. Owó ilé ìwé ọmọ ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbàgbé pé òjò ẹgbẹ̀rin ọdún kò rí i ṣe, ọjọ́ kan ló tó wa.

Bàbá mi ti hú gbogbo grout àkọ́kọ́ kúrò. Mo ka ohun tó wà lára báàgì sókè fún wọn, èmi ni mo ń wọn omi, àwọn ni wọ́n ń pò ó. A fi aṣọ tútù bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta kó má baà yára gbẹ jù. Ó ti pé oṣù méje báyìí, kò tíì sán. Mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí màmá. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n wá bèèrè ìdí tí àlàfo rẹ̀ fi fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.